Èérún irin lára Corolla funfun: ohun tí clay bar lè kó, àti ibi tó ti yẹ kí ọwọ́ dúró

Toyota Corolla funfun ni ọkọ̀ náà, tókùnbọ̀. Olùkọ́ ni Àlhájà tó ni ín. Láti ilé wọn ní Tankẹ, níhìn-ín ní Ìlọrin, ni wọ́n ti ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì máa ń gbé e gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà lópin ọ̀sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni agboolé bàbá wọn wà. Ní gbogbo àsìkò ọyẹ́, eruku bò ó bó ṣe bo ọkọ̀ gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó fura. Òjò àkọ́rọ̀ ló tú àṣírí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àmì pupa rúsúrúsú ti kún bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí ọkọ̀ àti bóòtù tóótòòtó, òmíràn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àlhájà gbà pé ọkọ̀ ti ń dógùn-ún láti inú wá.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwa tí a ń tọ́jú ara ọkọ̀, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra clay bar, amọ̀ tí a fi ń fa ìdọ̀tí kúrò lára ọ̀dà ọkọ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ni amọ̀ yóò kó kúrò. Amọ̀ náà dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kí ó tó fi amọ̀ kàn án lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo àìsàn mọ́lẹ̀, kí ó gba owó, kí àìsàn náà sì tún yọ lẹ́yìn òjò mélòó kan.

Kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ẹlòmíràn ti kọjá lára rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ nítòsí ilé wọn ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó fi kẹrosíìnì nù ún, àmì kò lọ. Ó po ọṣẹ ìfọṣọ sómi, ó mú kànìnkànìn onírin, irú èyí tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò, ó sì fi ha ilẹ̀kùn awakọ̀ àti igun kan lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹsẹ̀, àmì dínkù, inú rẹ̀ sì dùn. Kò pẹ́ tí àmì mìíràn fi yọ níbi tó ha náà gan-an, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti ṣú, kò dán mọ́. Ìgbà náà ni Àlhájà gbé ọkọ̀ lọ bá píńtà kan. Ìyẹn dúró lókèèrè wò ó, ó ní páànù ti jẹ, kí wọ́n jẹ́ kí òun ha gbogbo rẹ̀, kí òun fi fíílà dí i, kí òun sì tún un kùn látòkè délẹ̀. Iye tó pè pọ̀ débi pé Àlhájà ti ń wá ẹni tí wọn yóò ta ọkọ̀ fún.

Ọmọ wọn ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ti wo fídíò, ó ti ra clay bar kan, ó sì gbé ọkọ̀ àti amọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi fi amọ̀ yìí fà á. Gbogbo ẹ̀ ló máa lọ."

Mo ní kó gbé amọ̀ rẹ̀ sínú ibòji ná, nítorí orí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn ló gbé e sí, amọ̀ náà sì ti ń rọ̀ jù. A kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ àti ṣámpù ọkọ̀ fọ gbogbo ara rẹ̀. Eruku ọyẹ́ tí ẹ̀fúùfù ń gbé wá láti apá Bodélé ní Chad, iyanrìn kíkúnná pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ kan, amọ̀ yóò kó o, yóò sì máa fi yún ọ̀dà. Nígbà tí ara ọkọ̀ gbẹ, mo fi ọ̀rá tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, bọ ọwọ́, mo rọra ń fi ìka tọ́ ọ wò. Ọ̀rá yẹn máa ń jẹ́ kí ìka gbọ́ ohun tí ọwọ́ òfìfo kò lè gbọ́. Àárín ilẹ̀kùn ọ̀tún ń yọ̀ jọ̀lọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí ọkọ̀ àti bóòtù ń họ ọwọ́. Nísàlẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn, kólítà dúdú ọ̀nà Ọ̀fà ti ta sí i, èyí rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìka, kò sì jọ ti òkè rárá.

Ìdógùn-ún tó bá ti inú páànù wá ní ibi tó máa ń gbà yọ: etí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ibi tí òkúta ti ṣá ọ̀dà, abẹ́ rọ́bà dígí, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ rí. Ó máa ń ti ọ̀dà sókè ni, ọ̀dà á wú, á sì là. Ti ọkọ̀ yìí kò wú níbì kankan. Ibi tó kọjú sókè ló fọ́n sí, ó sì pọ̀ ní apá òsì ju ti ọ̀tún lọ. Mo pe ọmọ Àlhájà, mo ní kó fi ìka tọ́ bọ́ńpà iwájú wò. Àmì kan náà wà níbẹ̀. Mo ní kó tọ́ dígí iwájú wò. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Kí ni wọ́n fi ṣe bọ́ńpà?"

"Rọ́bà ni, sà."

"Ṣé rọ́bà máa ń dógùn-ún?"

Ó dákẹ́, ó wo bọ́ńpà, ó wo dígí. Ó wá ní, "Àwọn wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni."

Aládùúgbò wọn ń kọ́ ilé. Láti àárín ọyẹ́ ni àwọn wẹ́dà ti ń gé irin géètì àti bọ́gílárì lẹ́bàá ògiri tó pín ilé méjèèjì, apá òsì ọkọ̀ Àlhájà ló sì máa ń kọjú sí ògiri náà. Ẹ̀ta iná tó ń fò lẹ́nu gíráíńdà, èérún irin tó ń jó lọ́wọ́ ni. Bí ó bá balẹ̀ sórí ọ̀dà, gbígbóná rẹ̀ a máa yọ́ ojú kílíà, ìyẹn ìpele tí kò ní àwọ̀ tó bo ọ̀dà lókè, díẹ̀, á rì síbẹ̀, á tutù, á sì di mọ́ ọn. Nínú ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ, irin náà kàn jókòó ni, eruku sì bò ó. Nígbà tí òjò dé, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí Àlhájà rò pé ó ti inú jáde, òde ló ti wọlé.

Èyí náà ló ṣàlàyé ilẹ̀kùn awakọ̀. Kànìnkànìn onírin máa ń já sí wẹ́wẹ́ bí a bá ti ń fi ha nǹkan. Ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ha orí èérún ti àkọ́kọ́ dànù, ó sì fi ti kànìnkànìn rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ojú ìhahá tó ṣí sílẹ̀ fún un. Kẹrosíìnì rẹ̀ kò burú ní tirẹ̀. Ó lè yọ kólítà, bí a bá fi ṣámpù fọ òróró rẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kẹrosíìnì lè fi irin ṣe. Ní ti píńtà, bí ó bá súnmọ́ ọkọ̀ tó fọwọ́ kan bọ́ńpà, mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n ha ọ̀dà iléeṣẹ́ tó ṣì dára dànù lára ọkọ̀ náà, ọ̀dà tí kò sí píńtà ẹ̀bá ọ̀nà tó lè dá irú rẹ̀ padà.

Kí n sọ díẹ̀ nípa amọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń lò ó láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe amọ̀ tí àwọn ìyá wa ní Dàda àti Òkèlélé fi ń mọ ìkòkò. Polybutene, irú ọ̀rá kan tó máa ń rọ̀ tó sì máa ń lẹ̀, ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun líle tó kúnná gan-an. Tadao Kodate, ará Japan, gba ìwé ẹ̀tọ́ Amẹ́ríkà lórí irú rẹ̀ ní 1995, gẹ́gẹ́ bí irú òkúta ìlọ̀ kan tó rọ̀. Ìlọ̀ ló ń ṣe lóòótọ́. Bí ó bá ń yọ̀ lórí omi ṣámpù, yóò kọjá lórí ọ̀dà tó tẹ́jú láìṣe é ní nǹkan púpọ̀; bí ó bá bá ohun tó yọrí sókè pàdé, yóò gé e, yóò sì fà á mọ́ra. Oje igi, kólítà tó gbẹ, ìtasí ọ̀dà ẹlòmíràn, gbogbo èyí tó dúró lórí ọ̀dà wà lábẹ́ agbára rẹ̀. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀dà kò sí lábẹ́ agbára rẹ̀: kò lè yọ ìlà ìhahá, kò lè dí ihò, kò sì lè fa gbòǹgbò ohun tó rì.

Ọmọ Àlhájà ṣì rò pé amọ̀ nìkan tó. N kò bá a jiyàn. Mo fi téèpù bébà pín bóòtù sí méjì. Ní ìdajì òsì, mo fọ́n omi ṣámpù, mo tẹ amọ̀ pẹlẹbẹ ní àtẹ́lẹwọ́, mo sì fi fà á tààrà lọ, tààrà bọ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń dì mọ́ ọn, ó ń dún ṣìẹ̀ṣìẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tí a nù ún, ó funfun láú. Ní ìdajì ọ̀tún, mo kọ́kọ́ fọ́n iron remover sí i, èyí tí a ń pè ní oògùn irin ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ìbátan èyí tí wọ́n fi ń yí irun padà ní sálúùnù, ìdí nìyí tí òórùn rẹ̀ fi máa ń gún imú. Bí ó bá kan irin, ó ń tú u, ó sì ń di àwọ̀ àlùkò. Ìdajì náà ṣẹ̀jẹ̀ àlùkò wálẹ̀ dé nọ́ńbà. A fi omi ṣàn án kí ó tó gbẹ, a tún un ṣe, kí amọ̀ tó kàn án.

"Ọ̀gá, méjèèjì ò yàtọ̀ síra," ọmọ náà wí. Ó tọ̀nà, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo wá fọ́n oògùn irin sí ìdajì òsì, èyí tí amọ̀ nìkan ti fọ̀, tó sì ti mọ́. Kò pẹ́ tí àlùkò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde, ní ibì kan, ní ibòmíràn, láti inú ọ̀dà tó funfun tí kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Amọ̀ ti gé orí irin náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú kílíà. Ẹni tó bá ti fa eégbọn já lára ajá rí, tí orí rẹ̀ kù sínú awọ, mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá dá ọkọ̀ náà padà báyẹn, yóò wu Àlhájà bí wọ́n bá ti rí i, òjò yóò sì tún fi gbogbo rẹ̀ hàn. A tún tan tọ́ọ̀ṣì sí bóòtù: ìlà wínníwínní wà ní ìdajì òsì, nítorí irin tí amọ̀ kó ni amọ̀ náà tún ń fà káàkiri. Ìlà yẹn kò sí ní ọ̀tún. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ máa ṣe é bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Ìdánwò orí bóòtù yẹn ló pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ, mo sì rọ gbogbo ẹni tó bá ní ọkọ̀ tí èérún irin ti lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ pé kó ṣe irú rẹ̀ níwájú ẹni tó ni ọkọ̀. Kò ná wa ju omi àti oògùn díẹ̀ lọ, ó sì pa àríyànjiyàn tí ìbá máa tẹ̀lé wa títí dópin.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù, lábẹ́ ibòji, ni a bẹ̀rẹ̀. Oòrùn Ìlọrin lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹ̀. Bí ó bá di aago mẹ́wàá, àtẹ́lẹwọ́ kì í lè dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí oòrùn kàn. Oògùn irin tó bá gbẹ sórí páànù gbígbóná lè fi àbàwọ́n sílẹ̀, amọ̀ á rọ̀ kọjá ìwọ̀n, á sì máa fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀dà. (Nínú ọyẹ́, òdìkejì ni: amọ̀ á le, a ó sì kọ́kọ́ fi í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.) A mú kólítà kúrò nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn lákọ̀ọ́kọ́, a fọ ibẹ̀, a wá fi oògùn irin sí páànù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, láìjẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀ páànù gbà á. Nígbà tí àlùkò dínkù gan-an, a mú amọ̀.

Mo máa ń gé amọ̀ sí ẹ̀là mẹ́ta kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já bọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Iyanrìn ilẹ̀ tí kò ṣeé rí ti wọ inú rẹ̀, fífọ̀ kò sì lè yọ ọ́. Bí ó ti wà ní ẹ̀là, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ṣojú àánú sí i. Omi ṣámpù ọkọ̀ ni a fi jẹ́ kí ó yọ̀, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí ọṣẹ ìfọṣọ kì í jẹ́ kí amọ̀ yọ̀ tó, ó sì ń tètè gbẹ. Ibi tí kò ju orí àga kékeré lọ ni a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, a nù ún, a wo ojú amọ̀, a ká a sínú, a tẹ ojú tuntun. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń wo ọ̀dà nìkan tí kì í wo ojú amọ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ yìí. Ohun tó wà lójú amọ̀ ló ń sọ fún wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wa.

Èyí sì ṣe pàtàkì nígbà tí a dé fẹ́ńdà ẹ̀yìn ní ọ̀tún. Ẹ̀rọ tó ń wọn nínípọn ọ̀dà ti fi nǹkan bí 100 sí 130 microns (1,000 microns ni mílímítà kan) hàn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti orí ọkọ̀, èyí tó bá ọ̀dà iléeṣẹ́ mu. Lórí fẹ́ńdà yìí, ó kọjá 300. Wọ́n ti tún un kùn rí, bóyá kí ọkọ̀ tó dé Nàìjíríà, bóyá lẹ́yìn rẹ̀. Àlhájà kò mọ̀. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ fúyẹ́ níbẹ̀. Ó fa amọ̀ ní ìwọ̀nba, ó yí i padà, ó sì pè mí. Amọ̀ aláwọ̀ búlúù náà ti funfun lójú. Lórí ọ̀dà tí kílíà bò, ìdọ̀tí àti irin ló yẹ kó wà lójú amọ̀, kì í ṣe àwọ̀ ọkọ̀. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá hàn, ọ̀dà fúnra rẹ̀ là ń lọ̀. Ẹni tó kun fẹ́ńdà yẹn kò fi kílíà bò ó.

A dúró níbẹ̀. Apá ọ̀tún jìnnà sí ògiri, irin kò pọ̀ lára fẹ́ńdà náà, oògùn sì ti tú èyí tó wà níbẹ̀. Pọ́líìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ọwọ́ nù ló tó o, a sì fi wáàsì bò ó. Inú mi dùn sí ọmọ iṣẹ́ yẹn jọjọ. Àwọn kan ìbá máa fà á lọ kí gbogbo páànù lè rí bákan náà.

Orí ọkọ̀ ló nira jù. Ibẹ̀ ni èérún ti balẹ̀ ní gbígbóná jù, nítorí ó ga tó ògiri, kò sì sí ohun tó dá a dúró. Lẹ́yìn oògùn àti amọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá súnmọ́ ọn tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àwọn ihò tíntìntín wà níbẹ̀, tí òmíràn nínú wọn ṣì pupa nísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi dábàá pé kí a mú amọ̀ tó le jù, èyí tó pupa. N kò gbà, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Kílíà ọkọ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 40 sí 50 microns lọ. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo sábà máa ń tó 70. Amọ̀ líle kò ní wọ inú ihò, ẹ̀gbẹ́ ihò ni yóò máa lọ̀. Láti mú ojú ọ̀dà sọ̀ kalẹ̀ bá ìsàlẹ̀ ihò, a ó ní láti jẹ kílíà gbogbo orí ọkọ̀, ibi tí oòrùn ti ń pa ọkọ̀ jù lọ. Ọdún díẹ̀ sí i, kílíà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó, iṣẹ́ tí píńtà fẹ́ ṣe yóò sì di dandan. Ihò tí kò ṣeé rí bí kò ṣe pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì sàn ju ìyẹn lọ.

A fi pọ́líìṣì tó fúyẹ́ jù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn awakọ̀ gba pọ́líìṣì tó le díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ, nítorí ojú ìhahá kànìnkànìn. Ó padà dán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò á ṣì rí ìlà mélòó kan. Lórí dígí iwájú, amọ̀ kó púpọ̀, abẹ́ fẹ́lẹ́ tuntun tí a tẹ́ pẹlẹbẹ lórí omi ṣámpù sì gé ìyókù. Ojú ibi tí iná ti jó dígí gan-an kò lè lọ. Sealant, ohun tí a fi ń bo ọ̀dà láti dáàbò bò ó, ni a fi parí gbogbo rẹ̀ yàtọ̀ sí fẹ́ńdà, nítorí ọ̀dà tí a ti fi amọ̀ fà wà níhòòhò, kò sí wáàsì àtijọ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Àlhájà dé, wọ́n yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń sọ pé, "Alhamdulillahi." N kò jẹ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Mo mú wọn dé orí ọkọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ihò hàn wọ́n, mo fi ilẹ̀kùn hàn wọ́n.

"Ṣé kò ní tún yọ?" wọ́n bi mí.

"Ẹ má bínú sí mi, Àlhájà, díẹ̀ lè tún yọ lórí yìí. Bí ó bá yọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ha á. Ẹ gbé e wá, oògùn nìkan la ó fi kàn án."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rí i pé kò dùn mọ́ wọn, owó kékeré kọ́ ni wọ́n san. Wọ́n wá ní, "Ó sàn kí o sọ ọ́ báyìí ju kí n lọ rí i fúnra mi."

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà ló kù. Bí irin bá ṣì ń fò, iṣẹ́ wa kò ní pẹ́. Àlhájà lọ kí aládùúgbò wọn fúnra wọn, láìbínú, wọ́n fi fọ́tò ọkọ̀ hàn án. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀ta iná lè dé ibẹ̀, ó sì ní kí àwọn wẹ́dà kó iṣẹ́ gígé lọ sí ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n ta tapólì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àlhájà náà yí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí padà. Ọmọ wọn fẹ́ ra ìbòrí ọkọ̀. Mo ní kó rà á, ṣùgbọ́n kó má ṣe fi bo ọkọ̀ tí eruku wà lára rẹ̀, nítorí atẹ́gùn yóò máa fi ìbòrí náà yún ọ̀dà ní gbogbo òru.

Láàárín òjò, wọ́n gbé e padà wá. Àmì mélòó kan ti pupa lórí ọkọ̀, ní ibi tí a ti fi hàn wọ́n gẹ́lẹ́. Bóòtù, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ńpà mọ́. A kán oògùn sójú àmì kọ̀ọ̀kan, a ṣàn án, a sì fi sealant bò ó padà. A kò mú amọ̀ jáde rárá lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ọkọ̀ yìí yí padà ní ṣọ́ọ̀bù wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í yẹ̀ ẹ́. A kì í dá owó lé ọkọ̀ alámì pupa kí a tó fi ọ̀rá tọ́ bọ́ńpà àti dígí rẹ̀ wò, nítorí iṣẹ́ irin ń jẹ oògùn ju bí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe rò lọ, ẹni tó bá sì dá owó amọ̀ lásán lé e yóò fẹ́ fi amọ̀ lásán parí rẹ̀. A máa ń wọn gbogbo páànù, a sì máa ń wo ojú amọ̀ ní ìgbà gbogbo tí a bá ká a. Amọ̀ tó bá sì ti ṣiṣẹ́ irin, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì mọ́ lẹ́yìn tí a ká a, kì í dé ara ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́. A lè fi í fa irin àárín táyà nìkan, lẹ́yìn náà a sọ ọ́ nù. Ọmọ Àlhájà ní kí a dá ìyókù èyí tó rà padà fún òun kí òun lè fi fa ọkọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan. Dúdú ni ọkọ̀ náà. Mo fún un ní ẹ̀là kan tí kò tíì kan ọkọ̀ kankan, mo sì da ti iṣẹ́ rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí lójú rẹ̀.